Ikọ́ ife ní Àjàṣẹ́: Oògùn wà lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ òṣìṣẹ́ ìlera tó gbẹ̀kọ́ ló ń mú un dé ọ̀dọ̀ aláìsàn

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá oníṣòwò kan ṣe àpẹẹrẹ. Gààrí àti epo pupa ló ń tà ní ọjà Ouando, nílùú Àjàṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọba ń jẹ́ Porto-Novo. Ó ti ń wúkọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ó kọ́kọ́ ra oògùn ikọ́ olómi lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri oògùn lọ́jà. Nígbà tí ikọ́ náà kò lọ, ó fi àgbo kún un. Òógùn ń bò ó lóru, aṣọ rẹ̀ ti ń tóbi jù ú lọ, síbẹ̀ ohun tó ń sọ fáwọn ará ìsọ̀ rẹ̀ ni pé eruku gààrí ló fà á. Nígbà tó yá, ó gbéra, ó lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí ilé rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí òṣìṣẹ́ tó bá pàdé bá bi í pé, "Ìyá, ó tó ọjọ́ mélòó tẹ́ ẹ ti ń wúkọ́?", tó sì gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, ìyá yìí lè ti bẹ̀rẹ̀ oògùn kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Bí òṣìṣẹ́ náà kò bá béèrè, tó kàn tún kọ oògùn ikọ́ mìíràn fún un, ìyá yóò padà sọ́jà, yóò máa wúkọ́ láàárín àwọn oníbàárà rẹ̀, yóò sì máa wúkọ́ lóru nínú yàrá tóun àtàwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jọ ń sùn. Oògùn kan náà ló wà nílùú lọ́jọ́ méjèèjì, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò ju pé ẹnì kan ti kọ́ ohun tó yẹ kó béèrè, ẹnì kejì kò sì kọ́ ọ.

Ìdí nìyí tí ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò fi jẹ́ òpó tó gbé ìgbógunti ikọ́ ife dúró lórílẹ̀-èdè Benin. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri lásán.

Kì í ṣe àsàsí, kì í ṣe àjogúnbá

Ikọ́ ife, tí àwọn mìíràn ń pè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, ní kòkòrò tó ń fà á. Dókítà ará Jámánì kan, Robert Koch, ló kéde lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1882 pé òun ti rí kòkòrò náà. Ọjọ́ yẹn náà ni gbogbo ayé fi ń ṣe àyájọ́ ikọ́ ife lọ́dọọdún.

Afẹ́fẹ́ ni kòkòrò yìí ń bá rìn. Bí ẹni tó ní in nínú ẹ̀dọ̀fóró bá wúkọ́, bó bá sín, tàbí bó bá ń kọrin, ẹni tó wà nítòsí lè fà á símú, pàápàá nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè wọlé. Kì í gba inú abọ́ oúnjẹ ranni, kì í gba ọwọ́ bíbọ̀ ranni. Nítorí náà, kò sídìí láti ya abọ́ aláìsàn sọ́tọ̀ tàbí kí wọ́n máa fi aṣọ rẹ̀ pe òun nìkan. Àwọn tó ń sọ pé wọ́n ṣe é sí èèyàn ni, tàbí pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé kan, kò mọ̀ pé ilé kan náà tí wọ́n jọ ń sùn ló jẹ́ kí ó máa mú bàbá, kó sì tún mú ọmọ.

Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣe sọ, nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.8 èèyàn ni ikọ́ ife ṣe lágbàáyé lọ́dún 2023, mílíọ̀nù 1.25 nínú wọn ló sì kú. Ohun tó dunni níbẹ̀ ni pé àrùn tó ní oògùn ni. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń lò ó: oríṣi oògùn mẹ́rin fún oṣù méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà oríṣi méjì fún oṣù mẹ́rin tó kù. Ẹni tó bá lò ó pé, tí oògùn náà sì ràn án, yóò sàn pátápátá.

Akron àti Lazaret

Àwọn àgbà Àjàṣẹ́ mọ àdúgbò Akron dáadáa, torí ó wà lára àwọn àdúgbò tí ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ ìlú náà so mọ́ àwọn ọdẹ Yorùbá. Àdúgbò yìí kan náà lorúkọ rẹ̀ wà lára ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú àrùn ẹ̀dọ̀fóró àti ikọ́ ife ní Àjàṣẹ́. Ní Kútọnù, ilé ìwòsàn ńlá tó wà fún irú àrùn yìí ni èyí tó wà ní Lazaret. Àyẹ̀wò ikọ́ ife àti oògùn rẹ̀ kò gbówó lọ́wọ́ aláìsàn ní Benin.

Ṣùgbọ́n Akron nìkan kò lè gbọ́ ikọ́ gbogbo ẹni tó wà láti Àjàṣẹ́ dé Adjarra, Sakété, Pobè àti Kétu. Ẹni tó wà lóko kì í kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá dókítà lọ. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì abúlé, agbẹ̀bí tàbí ẹni tó ń ta oògùn ló máa ń yà sí. Bí àwọn yìí kò bá mọ ohun tí ikọ́ ọ̀sẹ̀ méjì lè jẹ́, ilé ìwòsàn ńlá yóò wà níbẹ̀, aláìsàn yóò sì máa kú sílé.

Dókítà tí àrùn náà ti ṣe rí

Ọ̀nà tí Benin ń gbà kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní orísun. Dókítà kan wà tó ń jẹ́ Karel Styblo, ọmọ ilẹ̀ Czech, tí wọ́n bí lọ́dún 1921. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Násì jù ú sí àgọ́ ìfìyàjẹni, ibẹ̀ ló ti kó ikọ́ ife. Ó yè é, ó sì fi ìyókù ayé rẹ̀ bá àrùn náà jà.

Nígbà tí ọdún 1970 sí 1980 ń parí lọ, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Tansania pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ẹgbẹ́ Àgbáyé tó ń gbógun ti ikọ́ ife àti àrùn ẹ̀dọ̀fóró, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris lọ́dún 1920. Ohun tó bá níbẹ̀ jọ ti wa: oògùn wà, àmọ́ àwọn èèyàn ń lò ó díẹ̀, wọ́n ń já a jù sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ iye tó sàn àti iye tó sá lọ.

Kì í ṣe oògùn tuntun ni Styblo mú dé. Ètò ló mú dé. Ó ní kí àgbègbè kọ̀ọ̀kan ní òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ tí yóò máa bójú tó ikọ́ ife, kí wọ́n ní awò tí wọ́n fi ń wo kòkòrò àrùn nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kí oògùn má ṣe tán, kí ẹnì kan máa wo aláìsàn bó ti ń gbé oògùn mì, kí wọ́n sì kọ orúkọ gbogbo aláìsàn sínú ìwé ńlá. Ní ìparí, kí wọ́n ṣí ìwé náà, kí wọ́n ka iye tó sàn, iye tó kú, àti iye tó sá fún oògùn. Òṣìṣẹ́ kò lè fi ẹnu lásán sọ pé òun ń ṣe dáadáa mọ́. Ìwé ni yóò sọ ọ́.

Benin wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó tètè gba ètò yìí wọlé láàárín ọdún 1980 sí 1990, pẹ̀lú Ẹgbẹ́ Àgbáyé yẹn kan náà. Nígbà tí WHO kéde lọ́dún 1993 pé ikọ́ ife ti di pàjáwìrì fún gbogbo ayé, tó sì ń gba àwọn orílẹ̀-èdè nímọ̀ràn láti tẹ̀ lé irú ètò bẹ́ẹ̀, Benin ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ní tòótọ́, Kútọnù di ibi tí àwọn dókítà láti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé ń wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí iṣẹ́ ìgbógunti ikọ́ ife. Wọn kì í jókòó sí kíláàsì nìkan. Wọ́n máa ń jáde lọ sí àwọn ilé ìwòsàn láti ka ìwé àkọsílẹ̀, láti wo bí wọ́n ṣe ń pín oògùn, kí wọ́n sì bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

Kí ni wọ́n ń kọ́ wọn gan-an?

Dókítà ń kọ́ láti má ṣe gbọ́kàn lé fọ́tò àyà nìkan, torí àrùn mìíràn lè fi irú àpá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó ń kọ́ iye oògùn tó bá ìwọ̀n ara aláìsàn mu, àti bí a ṣe ń mọ ikọ́ ife lára ọmọdé tí kò lè tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Ó tún ń kọ́ pé kí wọ́n fi àyẹ̀wò kòkòrò HIV lọ gbogbo ẹni tó bá ní ikọ́ ife, torí àwọn méjèèjì máa ń jọ rìn. Benin wà lára àwọn tó tètè so àyẹ̀wò méjèèjì pọ̀ ní Áfíríkà.

Òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ní tirẹ̀ ń kọ́ sùúrù. Yóò tẹ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, yóò fi iná sí i, yóò fi aró pa á láró, yóò wá gbé e sábẹ́ awò. Kòkòrò náà yóò hàn bí igi pupa tín-ín-rín lórí ilẹ̀ búlúù. Kó tó lè sọ pé òun kò rí nǹkan kan, ó gbọ́dọ̀ wo ojú ibi ọgọ́rùn-ún lórí gíláàsì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń kánjú yóò wo ogún, yóò ní kò sí, aláìsàn yóò sì gba ilé lọ pẹ̀lú àrùn lára. Nítorí èyí ni àwọn ọ̀gá fi máa ń kó lára àwọn gíláàsì tí wọ́n ti wò, tí ẹlòmíràn yóò tún un wò láìmọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ sọ. Bí àṣìṣe bá pọ̀, wọn á pe òṣìṣẹ́ náà padà sẹ́nu ẹ̀kọ́.

Ní báyìí, ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní GeneXpert, tí WHO fọwọ́ sí lọ́dún 2010, lè rí kòkòrò náà láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì, kó sì sọ bóyá ọ̀kan lára àwọn oògùn pàtàkì kò ràn án mọ́. Àmọ́ ẹ̀rọ kò lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìyá tó ń wúkọ́. Ẹni tí yóò gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà ránṣẹ́ sí i ṣì gbọ́dọ̀ gbọ́n.

Nọ́ọ̀sì ló ni ẹ̀kọ́ tó pẹ́ jù, torí òun ni yóò bá aláìsàn gbé oṣù mẹ́fà. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò pọ̀ ní ìwé, ọ̀rọ̀ ẹnu ló pọ̀ níbẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, ọ̀kan lára oògùn ikọ́ ife máa ń mú kí ìtọ̀ pupa rúsúrúsú. Bí nọ́ọ̀sì kò bá sọ èyí tẹ́lẹ̀, aláìsàn yóò rí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, yóò rò pé ẹ̀jẹ̀ ni, yóò sì da oògùn nù. Bó bá sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, aláìsàn á rẹ́rìn-ín ni, á ní, "Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi." Gbólóhùn kan péré ló wà láàárín ẹni tó sàn àti ẹni tó sá.

Nọ́ọ̀sì tún ń kọ́ láti béèrè àwọn tó wà nílé aláìsàn. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni àrùn yìí ń tètè pa. Bí wọn kò bá tíì ní in, oògùn wà tí wọ́n lè lò láti dènà rẹ̀. Benin, Burkina Faso, Cameroon àti Central African Republic jọ gbé irú iṣẹ́ yìí ṣe, wọ́n ń fún àwọn ọmọ tó ń bá aláìsàn gbélé ní oògùn oṣù mẹ́ta dípò ti oṣù mẹ́fà tó máa ń sú àwọn òbí.

Ìgbà tí ara bá yá ni ewu dé

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá wa ní Ouando. Ká ní wọ́n ti rí àrùn náà, tó sì ti ń lo oògùn. Lẹ́yìn oṣù méjì, ikọ́ ti lọ, oúnjẹ ti ń wọlé, ara ti ń padà bọ̀ sípò. Ọjà ń pè é. Ó ní òun ti sàn, kí ló kù? Èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Àwọn kòkòrò tó kù nínú ara kò tíì kú, wọ́n kàn fara pamọ́ ni. Bí wọ́n bá tún jí, ó ṣeé ṣe kí oògùn àtijọ́ má ràn wọ́n mọ́.

Irú ikọ́ ife tí oògùn kò ràn yìí, oṣù ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó lè ba etí jẹ́. Benin àti orílẹ̀-èdè mẹ́jọ mìíràn tó ń sọ Faransé ní Áfíríkà jọ dán ìtọ́jú oṣù mẹ́sàn-án wò láàárín ọdún 2013 sí 2015. Nínú aláìsàn 1,006 tí wọ́n tọ́jú, ó lé ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tó yọrí sí rere. Àbájáde yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí ayé gbà pé a lè dín ọjọ́ ìtọ́jú kù. Yàrá àyẹ̀wò ikọ́ ife tó wà ní Kútọnù náà ti ga débi pé WHO kà á mọ́ àwọn yàrá àyẹ̀wò àgbà tó ń ran orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́.

Nínú ikọ́ ife tí oògùn ṣì ràn, nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú aláìsàn mẹ́wàá tí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní Benin ló ń parí ìtọ́jú wọn dáadáa. Kì í ṣe owó ló ṣe é, torí Benin kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ́, tí wọ́n sì ń bẹ̀ wò léraléra lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ló ṣe é.

Ààlà kò dá ikọ́ dúró

Ohun tó bá ojú ló ń bá imú. Àjàṣẹ́ kò jìnnà sí Nàìjíríà. Láti Ìgólò dé Ìdí-Ìrókò, láti Kétu dé Ìmẹ̀kọ, ojoojúmọ́ lèèyàn ń kọjá pẹ̀lú ẹrù, wọ́n sì ń jókòó mọ́ra nínú ọkọ̀. Gẹ́gẹ́ bí WHO ṣe ṣírò rẹ̀, nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún èèyàn, ìyẹn 100,000, nǹkan bíi 219 ni ikọ́ ife ń mú lọ́dún ní Nàìjíríà. Ní Benin, iye náà kò tó 60.

Nàìjíríà náà ń fún èèyàn ní oògùn ikọ́ ife lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà fún òṣìṣẹ́ ikọ́ ife àti ẹ̀tẹ̀ ní Zaria. Ìṣòro ibẹ̀ ni oníṣòwò tó bẹ̀rẹ̀ oògùn ní Àjàṣẹ́, tó wá lọ lo oṣù méjì ní Èkó láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní Àjàṣẹ́, wọn á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sá lọ. Ní Èkó, wọn ò mọ̀ ọ́n rí. Òṣìṣẹ́ tó gbẹ̀kọ́ mọ̀ pé ó yẹ kóun béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò láti ìbẹ̀rẹ̀ pé, "Ibo lẹ máa ń ná ọjà dé?" Yóò sì kọ ìwé lé e lọ́wọ́ tí yóò fi gba oògùn níbi tó ń lọ. Oníṣòwò náà gbọ́dọ̀ ṣe tirẹ̀: kó sọ ìrìn àjò rẹ̀ kó tó wọkọ̀.

Lọ́dún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dá àjọṣe kan sílẹ̀ láàárín àwọn ètò ìgbógunti ikọ́ ife wọn, Benin sì wà níwájú níbẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìsọ̀ ọjà, ìwé tó wà nínú àpò ẹni tó ń rìnrìn àjò ni àjọṣe náà.

Ohun tó kàn ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìròyìn yìí

Bí ikọ́ bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì lára yín tàbí lára ará ilé yín, ẹ má fi oògùn ọjà bò ó mọ́lẹ̀ mọ́. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sì fẹnu ara yín sọ pé, "Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, mo fẹ́ kí ẹ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò." Bí òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹ bá pàdé kò bá rántí béèrè, ọ̀rọ̀ yín yóò rán an létí. Ẹ̀yin oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta oògùn, ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ yín lẹ́ẹ̀kejì nítorí ikọ́ kan náà, ẹ darí rẹ̀ lọ. Kò ní kí wọ́n má bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ ṣí fèrèsé yàrá tí aláìsàn ń sùn sí, kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹ má ta á nù, ẹ bá a ka oṣù mẹ́fà rẹ̀ pé.

Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Olè tó ń jẹ́ ikọ́ ife, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló rọrùn jù láti mú un. Ẹni tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú un wà ní Akron, ó sì yẹ kí ọ̀kan wà nílé ìwòsàn abúlé kọ̀ọ̀kan. Bí ìjọba bá ń dá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ lọ, tí kò sì dáwọ́ bíbẹ̀ wọ́n wò dúró lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ìyá tó ń ta gààrí ní Ouando yóò lo oṣù mẹ́fà rẹ̀ pé, yóò sì padà sídìí ọjà rẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò sì máa sùn láìwúkọ́.